Ilẹ̀ Ní Í Ṣí Ọ̀nà, Ènìyàn Ní Í Tọ̀ Ọ́: Erékùṣù Èkó, Ìlú Ọ̀tà àti Èdè-Ìperí Jọ́gíráfì

1. Ìfáárà

Orí kan wà tí kì í sábà sí kúrò nínú ìwé jọ́gíráfì àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama. Orí náà ni èyí tí ó ń sọ bí ilẹ̀, omi àti ojú ọjọ́ ṣe kan ìdàgbàsókè orílẹ̀-èdè. Àpẹẹrẹ tí àwọn òǹkọ̀wé fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni orílẹ̀-èdè erékùṣù, bí i Bìrìtéènì, Japan, Singapore àti Cape Verde. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Omi yí irú orílẹ̀-èdè bẹ́ẹ̀ ká, ààlà rẹ̀ hàn kedere, akẹ́kọ̀ọ́ sì lè fi ojú inú rí èrè àti ìnira tí ó wà nínú rẹ̀. Òkun kan náà tí ó jẹ́ odi fún ará erékùṣù ni ó tún jẹ́ ọ̀nà fún un.

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi èdè Yorùbá kọ́ni ní orí yìí kò ní í rí wàhálà púpọ̀ lára àwọn ọ̀rọ̀-orúkọ. 'Erékùṣù' ti pẹ́ nínú Bíbélì Yorùbá. 'Òkun', 'ọ̀sà', 'èbúté', 'odò' àti 'àbàtà' sì jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó mọ́ wa lẹ́nu. Lára ọ̀rọ̀-ìṣe ni ìṣòro wà. Kí ni ilẹ̀ ń ṣe sí ìdàgbàsókè? Ẹnìkan lè sọ pé ilẹ̀ ni ó 'pinnu' rẹ̀. Ẹlòmíràn lè sọ pé ilẹ̀ ni ó 'darí' rẹ̀. Ẹlòmíràn sì lè sọ pé ilẹ̀ ni ó 'yan' ohun tí orílẹ̀-èdè yóò dà. Bí a bá sì ti sọ pé ilẹ̀ ni ó yan nǹkan fún ènìyàn, etí Yorùbá kò lè ṣàì gbọ́ àyànmọ́ nínú gbólóhùn náà, àwọn àgbà sì ti sọ pé àyànmọ́ ò gbóògùn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò ka orí náà tán láì ní ìbéèrè kankan láti bi ẹnikẹ́ni.

Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé èdè wa ní ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó bá òtítọ́ mu jù wọ̀nyí lọ. Àwọn náà ni 'ṣí ọ̀nà' àti 'dí ọ̀nà'. Ilẹ̀ a máa ṣí ọ̀nà, a sì máa dí ọ̀nà; ṣùgbọ́n ènìyàn ni ó ń tọ ọ̀nà. Kò pọn dandan kí a lọ sí òkè òkun kí a tó rí ẹ̀rí. Erékùṣù ni ìdí Èkó. Ìlú Ọ̀tà àti àgbègbè ilé-iṣẹ́ Sàngó-Ọ̀tà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn sì jẹ́ ibi tí a ti lè rí ohun tí erékùṣù ń béèrè lọ́wọ́ ilẹ̀ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀.

2. Odi tí ó di ọ̀nà

Ìtàn àtẹnudẹ́nu àwọn Àwórì sọ pé Olófin àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gbé awo lé orí odò Ògùn, wọ́n sì ń tẹ̀ lé e títí ó fi rì ní Ìṣẹ́rí. 'Awo rì' ni a ní ó di Àwórì. Láti Ìṣẹ́rí ni àwọn kan ti lọ tẹ Ọ̀tà dó; àwọn mìíràn sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Èbúté Mẹ́tta, wọ́n ti ibẹ̀ kọjá sí erékùṣù Ìdó, wọ́n sì dé Èkó lẹ́yìn náà. Ogun ni a gbọ́ pé wọ́n ń sá fún nígbà tí wọ́n bọ́ sí ojú omi. Ẹ jẹ́ kí á kíyè sí i pé ìran kan náà ni ó wà ní Ọ̀tà àti ní erékùṣù. Ìyàtọ̀ wọn ni pé àwọn kan fi omi ṣe odi.

Nígbà tí ó yá, odi di ọ̀nà. Ọ̀sà Èkó ní ẹnu tí ó ṣí sí òkun, àwọn ọkọ̀ òkun sì ń gba ibẹ̀ wọlé. Òwò ẹrú gba ibẹ̀, òwò epo pupa àti ti ẹ̀kùrọ́ tẹ̀ lé e, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì gba Èkó ní 1861. Bí òwò ti ń pọ̀ sí i ni ìnira erékùṣù ń hàn sí i. Ilẹ̀ kò tó. Omi ọ̀sà kò ṣeé mu. Ẹrù tí ọkọ̀ òkun gbé dé kò sì lè ti ojú omi dé Ìbàdàn.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn ìnira yìí ni a wá ìdáhùn sí, lórí ilẹ̀ ni a sì ti rí ìdáhùn náà. Iṣẹ́ ojú irin bẹ̀rẹ̀ ní 1896. Ó gba ìhà Agége àti ilẹ̀ Ọ̀tà lọ sí Abẹ́òkúta, ó sì dé Ìbàdàn kí ọdún 1900 tó parí. Afárá Carter so erékùṣù Èkó mọ́ Ìdó ní 1901. Omi ẹ̀rọ wá láti Ìjù, ní ìhà àríwá, nígbà tí ọgọ́rùn-ún ọdún ogún ṣì ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a sì fẹ́ kọ́ èbúté tí ọkọ̀ ńlá lè fara tì tí ọkọ̀ ojú irin sì lè dé ẹsẹ̀ rẹ̀, Àpápá ni a kọ́ ọ sí, kì í ṣe erékùṣù. Ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1926. Ó hàn gbangba, nígbà náà, pé erékùṣù kì í dá dúró. Bí ó bá ti ń dàgbà ni ó ń na ọwọ́ sí orí ilẹ̀.

3. Ibùdó àti ìwàláàárín

Àwọn onímọ̀ jọ́gíráfì a máa ya ohun méjì sọ́tọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ nípa ibi tí ìlú kan wà. Èkíní ni ilẹ̀ tí ìlú náà jókòó lé: gíga rẹ̀, erùpẹ̀ rẹ̀, omi rẹ̀. Èkejì ni bí ìlú náà ṣe wà sí àwọn ibòmíràn: ta ni ó sún mọ́, ọ̀nà ta ni ó gba ibẹ̀ kọjá. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ì báà jẹ́ 'ibi' tàbí 'ààyè', túmọ̀ méjèèjì, a ti da omi mọ́ epo. A dá a lábàá kí a lo 'ibùdó' fún èkíní, kí a sì ṣẹ̀dá 'ìwàláàárín' fún èkejì, láti ara 'wà láàárín'.

Ọ̀tà fi ìwúlò ìpínyà yìí hàn. Ní ti ibùdó, orí ilẹ̀ gbígbẹ tí ó ní iyanrìn nínú ni Ọ̀tà wà, kò sí nínú àbàtà bí apá púpọ̀ ní Èkó. Ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé ẹ̀rọ sí ibẹ̀ kò ní í kọ́kọ́ fi iyanrìn di ẹrẹ̀. Omi wà nínú ilẹ̀ náà tí a lè gbẹ́ kànga ẹ̀rọ kàn. Bí a bá tún lọ sí àríwá, ní Ewékorò, a ó bá òkúta tí a fi ń ṣe sìmẹ́ńtì. Ilé-iṣẹ́ tí ń lọ̀ ọ́ sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1960. Ibùdó tí ó dára ni èyí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìlú àti abúlé ni ó wà lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìhà Adó-Odò títí kọjá Ìfọ̀, tí àwọn ilé-iṣẹ́ kò sì rọ́ wá bí wọ́n ti rọ́ wá sí Sàngó. Ibùdó nìkan kò tó láti fi ṣe àlàyé.

Ìwàláàárín ni ó kù. Ọ̀tà wà láàárín Èkó àti Abẹ́òkúta. Ó tún wà láàárín Èkó àti Ìdí-Ìrókò, níbi tí ààlà ilẹ̀ wa pẹ̀lú ilẹ̀ Benin wà. Kò ju nǹkan bí ogójì kìlómítà lọ sí erékùṣù Èkó. Sàngó gan-an ni oríta tí ọ̀nà Abẹ́òkúta àti ọ̀nà Ìdí-Ìrókò ti pínyà. Ìwàláàárín yìí kì í ṣe tuntun, kì í sì í ṣe ire ní gbogbo ìgbà. Ní nǹkan bí 1842, àwọn Ẹ̀gbá gbógun ti Ọ̀tà, wọ́n sì ṣẹ́gun rẹ̀, nítorí pé ó dúró ní ojú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lọ sí Àgbádárìgì ní etíkun. Ohun tí ó fa ogun wọ Ọ̀tà nígbà náà kò yàtọ̀ sí ohun tí ó fa ilé-iṣẹ́ wọ̀ ọ́ ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ilẹ̀ kò ṣí kúrò ní ibi tí ó wà. Àwọn tí ń gba ọ̀nà kọjá ni ó yí padà, àti ohun tí wọ́n ń wá.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni ó dé tí a kò lo 'ipò', èyí tí ó kúrú jù. Ìdí wa jẹ́ méjì. Àwọn onímọ̀ gírámà ti gba ọ̀rọ̀ yìí lò nígbà tí wọ́n ń sọ nípa ipò olùwà àti ipò àbọ̀. Èkejì ni pé 'ipò' a máa ní oyè àti ọlá nínú; akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbọ́ 'ipò Ọ̀tà' lè rò pé a ń fi ìlú náà wé ìlú mìíràn ní ti títóbi. Nínú 'ìwàláàárín', kò sí ẹni tí yóò ṣàì béèrè pé, láàárín kí ni àti kí ni? Ìbéèrè yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ náà ń wá.

4. Ta ni ó tọ ọ̀nà náà?

Bí ó bá jẹ́ pé ìwàláàárín nìkan ni ó ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kí ilé-iṣẹ́ ti kún Ọ̀tà láti ìgbà tí ojú irin ti kọjá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó gba àwọn ìpinnu kan, ti ìjọba àti ti oníṣòwò.

Ní àwọn ọdún 1950, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kò ní àṣẹ lórí ìlú Èkó, ṣùgbọ́n Ìkẹjà wà lábẹ́ rẹ̀. Ó ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ níbẹ̀ fún ilé-iṣẹ́, kí àwọn oníṣòwò lè wà nítòsí èbúté Èkó kí owó orí wọn sì máa lọ sí Ìbàdàn. Ní 1967, a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, Ìkẹjà sì bọ́ sínú rẹ̀. Ààlà ti ṣí kúrò; ilẹ̀ tí ó súnmọ́ èbúté jù ti bọ́ lọ́wọ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Nígbà tí a dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní 1976, Ọ̀tà àti Àgbàrá ni ó wá di etí ilẹ̀ tí ó súnmọ́ Èkó, ètò tí a ti dá ní Ìkẹjà ni a sì tún dá níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Nestlé ṣí sí Àgbàrá ní 1982. Àwọn tí ń rọ irin, tí ń ṣe oògùn, tí ń pọn ọtí, tí ń ṣe ike àti oúnjẹ sì tẹ ìhà Sàngó dó. Ní 1989 a so Ọ̀tà àti Adó-Odò pọ̀ sí abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan. Ìkànìyàn 2006 ka 526,565 ènìyàn sí abẹ́ rẹ̀.

Olú-ìlú Nàìjíríà kúrò ní Èkó lọ sí Àbújá ní 1991. Àwọn ilé-iṣẹ́ Sàngó-Ọ̀tà kò tẹ̀ lé e, nítorí èbúté kò kúrò. Èyí fi hàn wá pé èbúté ni ìdí pàtàkì tí wọ́n fi wá, kì í ṣe àga ìjọba. Ṣùgbọ́n ìjọba lè yí ìwàláàárín padà láìfọwọ́ kan ilẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, a ti àwọn ibodè orí ilẹ̀. Ti Ìdí-Ìrókò kò sì tún ṣí títí di 2022. Odò kankan kò gbẹ, òkè kankan kò wó, síbẹ̀ ọ̀nà tí ó ti Ọ̀tà lọ sí Benin di ọ̀nà tí ó parí sí ẹnu ibodè. Ní 2021, ojú irin tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò. Ní 2023, èbúté ńlá kan ṣí ní Lẹ́kí, ní ìlà-oòrùn Èkó, ní òdìkejì ibi tí Ọ̀tà wà. Bí ẹrù bá ti ń lọ sí Lẹ́kí, ìwàláàárín Ọ̀tà tún ń yí padà nìyẹn, bí ibùdó rẹ̀ kò tilẹ̀ yí padà rárá.

5. Àfiwé pẹ̀lú erékùṣù Singapore

Kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ti Èkó nìkan ni èyí, ẹ jẹ́ kí á wo Singapore, tí í ṣe orílẹ̀-èdè erékùṣù ní tòótọ́. Òun náà kéré, òun náà wà ní ojú ọ̀nà ọkọ̀ òkun, òun náà kò ní omi mímu tí ó tó. Ní 1924 ni a ṣí ọ̀nà tí a kọ́ la omi kọjá láti so ó mọ́ Johor, tí ó jẹ́ ti Malaysia lónìí. Singapore ya kúrò lára Malaysia ní 1965, ṣùgbọ́n a ti tọwọ́ bọ̀wé ní 1962 pé omi Johor yóò máa wá títí di 2061. Nígbà tí ilẹ̀ wọ́n jù ní erékùṣù náà, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kọjá sí Johor, gẹ́gẹ́ bí àwọn ti Èkó ti kọjá sí Ọ̀tà.

Ìjọra náà pọ̀, ìyàtọ̀ kan sì wà tí ó ṣe pàtàkì ju ìjọra lọ. Láàárín Singapore àti Johor, ohun tí erékùṣù ń gbà lọ́wọ́ ilẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ wà nínú ìwé, pẹ̀lú iye àti ọdún rẹ̀. Láàárín Èkó àti Ọ̀tà, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ń lọ láìsí ìwé. Òṣìṣẹ́ a máa sùn ní Ìpínlẹ̀ kan, a sì máa ṣiṣẹ́ ní èkejì. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ti èbúté ń gba ọ̀nà Sàngó, wọ́n ń jẹ ọ̀nà náà, èéfín ilé-iṣẹ́ ń bẹ lójú ọ̀run, ilẹ̀ oko àwọn ìdílé Àwórì sì ti di àgbàlá ilé-iṣẹ́. Ní 2021 ni ìjọba Èkó àti ti Ògùn fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé àwọn yóò jọ mójú tó ìdàgbàsókè agbègbè tí ó pa wọ́n pọ̀. A kò sọ èyí láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ohun tí a ń sọ ni pé ọdún márùnlélógójì ti kọjá lẹ́yìn tí a dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ tó wáyé, kì í sì í ṣe ilẹ̀ ni ó fa ìdádúró náà.

6. Àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó yẹ kí á gbé yẹ̀ wò

Èkíní ni 'ìdàgbàsókè'. Ọ̀rọ̀ náà ti fìdí múlẹ̀, a kò sì sọ pé kí a yọ ọ́. Ṣùgbọ́n igi ni ó ń dàgbà sókè, ọmọ ni ó ń dàgbà sókè, láìsí ẹni tí ń fà wọ́n. Bí a bá kọ ọ́ pé 'Ọ̀tà dàgbà sókè', olùṣe ti sọnù nínú gbólóhùn. Níbi tí a bá ti mọ ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ náà, ẹ jẹ́ kí á dárúkọ rẹ̀: ìjọba ya ilẹ̀ sọ́tọ̀, oníṣòwò kọ́ ilé, ìdílé fi ilẹ̀ sílẹ̀.

Èkejì ni ilẹ̀ tí èbúté ń sìn tí òun náà sì ń bọ́ èbúté. 'Ilẹ̀ àtìlẹ́yìn' lè kọ́kọ́ wá sí ọkàn wa, ṣùgbọ́n ó mú kí ó dà bí ẹni pé iṣẹ́ ilẹ̀ náà kò ju kí ó máa ran erékùṣù lọ́wọ́. 'Ẹ̀yìn-èbúté' ni a fara mọ́. A ti ní 'ẹ̀yìn-odi', tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Ìṣẹ̀dá kan náà ni. Ọ̀tà, Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn jẹ́ ẹ̀yìn-èbúté Èkó.

Ẹ̀kẹta ni 'ilé-iṣẹ́', tí a ń lò fún ibi tí ẹ̀rọ ti ń ṣe ọjà àti fún ibi tí akọ̀wé ti ń kọ̀wé. Nínú ìwé jọ́gíráfì, kò yẹ kí méjèèjì dàpọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ Sàngó ti yanjú rẹ̀ ní tiwọn: 'kọ́ńpìnnì' ni wọ́n ń lọ ní òwúrọ̀. Fún ìwé, 'ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ' lè tó. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ má ṣe bá akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá sọ pé kọ́ńpìnnì wí.

Ẹ̀kẹrin kò nílò ìṣẹ̀dá rárá, ojú títì ni ó wà. 'Ìyànà' ni ibi tí ọ̀nà kékeré ti yà kúrò lára ọ̀nà ńlá. Ẹ wo orúkọ ibùdókọ̀ ní Ọ̀tà: Ìyànà-Ìyẹ̀sí, Ìyànà-Ilógbò. Ìyẹ̀sí àti Ilógbò ni abúlé; ìyànà wọn ni ọjà àti ilé ìtajà ń kún. Ohun tí ìwé ńlá fi ojú ewé púpọ̀ ṣàlàyé, pé ibi tí ọ̀nà ti pàdé ni ènìyàn máa ń ṣù jọ sí, àwọn awakọ̀ ti fi ọ̀rọ̀ kan sọ ọ́. Ó yẹ kí 'ìyànà' wọ inú àkójọ èdè-ìperí wa.

7. Ìgúnlẹ̀

Iṣẹ́ Ìwádìí Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa darí, bẹ̀rẹ̀ ní 1970, ó sì fi hàn pé ọmọ lè fi Yorùbá kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ nípa àwùjọ. Iṣẹ́ tí ó kù fún àwa tí ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ni kí ọ̀rọ̀ wa má ṣe di ohun tí yóò pa ìbéèrè lẹ́nu ọmọ náà. Ẹ jẹ́ kí á fi gbólóhùn méjì wé ara wọn. Èkíní: 'Ilẹ̀ ni ó pinnu ìdàgbàsókè Èkó àti Ọ̀tà.' Èkejì: 'Omi tí ó yí Èkó ká ṣí ọ̀nà òwò fún un, ó sì dí ọ̀nà ilẹ̀ mọ́ ọn, ìwàláàárín Ọ̀tà ṣí ọ̀nà fún ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ, àwọn ìjọba àti oníṣòwò sì tọ ọ̀nà náà.' Èkíní kúrú, kò sì sí ohun tí a lè bi í. Èkejì gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ lè béèrè pé: ta ni ó tọ ọ̀nà náà? Ta ni ó jèrè rẹ̀? Ta ni yóò tún un ṣe?

Ọmọ tí ó ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní Sàngó ń la àwọn ìbéèrè wọ̀nyí kọjá lójoojúmọ́, láàárín ọkọ̀ akẹ́rù àti kòtò. Ó yẹ kí ó bá wọn pàdé nínú ìwé rẹ̀ pẹ̀lú, ní èdè rẹ̀.